Ẹjọ́ Igbó Irúnmalẹ̀: Ìwé Fágúnwà Lójú Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

Ní ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ní Èkó gbé ìwé kan jáde tí tíṣà ilé-ìwé kan, ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni tíṣà náà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni àkọlé ìwé. Láti ìgbà náà ni àwọn tó kà á ti ń jiyàn lé e lórí, iyàn náà kò sì tíì tán. Àwọn kan ní ìwàásù inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn kan ní òǹkọ̀wé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ débi pé ó ń fi mẹ́wàá sọ ohun tí ẹyọ kan ìbá sọ. Àwọn kan ní inú ìwé òyìnbó ló ti ṣa ìtàn jọ. Àwọn mìíràn ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ló ń tàbùkù sí. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ náà ló ń gbé lárugẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀sùn yìí wáyé nítorí pé a gbàgbé àwọn tí a kọ ìwé náà fún. Ọmọ ilé-ìwé ni Fágúnwà ní lọ́kàn, ó sì kọ ọ́ kí ẹnì kan lè máa kà á sókè kí ẹlòmíràn máa gbọ́. Ẹni tó bá fi ojú yẹn wò ó yóò rí i pé èyí tó pọ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní àbùkù kì í ṣe àbùkù mọ́. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló kù tí ojú yẹn kò lè dá a láre lórí rẹ̀; kódà, ńṣe ló mú un wúwo sí i, n ó sì dé ibẹ̀ níkẹyìn.

Kí a tó lè mọ ohun tí ìwé náà jẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti di èdè ìwé. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1843. Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé Ìbàdàn, ti túmọ̀ ìtàn tí John Bunyan kọ nípa arìnrìn-àjò tó ń lọ sí ìlú ọ̀run, ìtumọ̀ náà sì jáde ní 1866. Odidi Bíbélì sì wà ní èdè Yorùbá láti 1884. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló bí gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń jẹ́. Ọmọ tó bá mọ̀wé kà ní ilé-ìwé ìjọ, Bíbélì ló máa kà, àti ìwé orin, àti katikísímù, àti àwọn Ìwé Kíkà tí wọ́n fi ìtàn kúkúrú, òwe àti ẹ̀kọ́ ìwà sínú wọn. Ìtàn gígùn tí a hun láti inú ìrònú ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ díẹ̀ díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, àwọn ará Èkó sì ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tún gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ròyìn ẹgbẹ̀rún ọkọ tó fẹ́ kì í ṣe ohun tí tíṣà kan yóò gbé fún kíláàsì ọmọdé. Títí di 1938, ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ka ìtàn gígùn ní èdè ìyá rẹ̀, tí kì í ṣe Bíbélì tí kì í sì í ṣe Bunyan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan kà.

Àlàfo yìí gan-an ni Fágúnwà dí, ibi tó sì dúró sí láti dí i ṣe pàtàkì. Wọ́n bí i ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ CMS ti ń kọ́ àwọn tíṣà, láti 1926 sí 1929. Láti 1930 títí di 1939, ní St. Andrew's náà, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ ìjọba pe ìdíje ìwé kíkọ, ó kọ Ògbójú Ọdẹ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ yìí pọ̀: àwọn elétò ẹ̀kọ́ ló pe ìdíje, tíṣà ọmọ kékeré ló kọ̀wé, ìjọ tó ni ilé-ìwé ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí ibi tí àgbà òǹkàwé ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ dúró níwájú ọmọdé mọ ohun tí òǹkọ̀wé tó ń dá jókòó sí yàrá rẹ̀ kò mọ̀: ó mọ ìgbà tí ojú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ẹni, ó mọ bí a ṣe ń fi orúkọ tó dùn-ún pè mú un padà, ó sì mọ̀ pé ohun tí a kò bá sọ lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì kíláàsì kò gbọ́ ọ. Gbogbo ìmọ̀ yìí ló wà nínú ìwé náà.

Ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni Fágúnwà ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe ìlù àgídìgbo, ìlù tí ọlọ́gbọ́n níí mọ̀ ọ́n jó. Ó sọ ara rẹ̀ di onílù, ó sì sọ òǹkàwé di ẹni tí yóò fi ọgbọ́n gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Lẹ́yìn náà ló wá fún wọn ní ìlànà: nígbà tí ẹ̀dá inú ìtàn bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé gba ipò rẹ̀, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Ìlànà yìí kò wúlò fún ẹni tó ń fi ojú kàwé jẹ́jẹ́ lórí ibùsùn. Ẹni tó dúró, tí àwọn kan jókòó níwájú rẹ̀, ló wúlò fún. Ọ̀nà tí ìtàn gbà jáde náà bá a mu. Àkàrà-ògùn, àgbà ọdẹ, wá bá òǹkọ̀wé nílé, ó ní kó mú kálámù àti ìwé kí òun máa wí kó máa kọ ọ́. Nígbà tí ó sọ dé ibì kan, ó dìde, ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tí yóò fi padà dé, ìròyìn ti tàn, èrò ti pé jọ. Ní ọjọ́ kẹta, ogunlọ́gọ̀ ló wá gbọ́ ọ. Nítorí náà, àwọn olùgbọ́ wà nínú ìwé ná kí olùgbọ́ tó wà níta. Ìtàn tí a pín sí ìjókòó ìjókòó, tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó yẹ kó dúró kí ará gbogbo lè fẹ́ mọ èyí tó kù, bá aago ilé-ìwé mu pátápátá. Àti níparí, nígbà tí àwọn akọni méje tí ọba rán níṣẹ́ dé Òkè Láńgbòdó, kí ni èrè ìrìn-àjò wọn? Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tó ń gbé ilé oníyàrá méje, mú wọn jókòó fún ọjọ́ méje, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Àrà ọ̀tọ̀ ni: àwọn tó ti bá ẹbọra jà já igbó kọjá kí wọ́n lè wọ kíláàsì.

Ayé abàmì tó wà nínú ìwé náà tún yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó ń kà ní ìgbà kan náà. Ìwé The Hobbit ti J. R. R. Tolkien jáde ní 1937, ọdún kan ṣáájú Ògbójú Ọdẹ. Ìwé àkọ́kọ́ nínú ìtàn Narnia ti C. S. Lewis kò jáde títí di 1950. Ní Narnia, inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni àwọn ọmọ gbà kọjá sí ilẹ̀ idán. Ayé gidi wà lápá kan, ayé idán wà lápá kejì, ilẹ̀kùn sì là wọ́n. Fágúnwà kò nílò ilẹ̀kùn. Igbó Irúnmalẹ̀ kò jìnnà sí oko bàbá ẹni. Ọ̀nà kan náà tí ọdẹ ń gbà lọ pa ìgalà ló gbà dé ọ̀dọ̀ Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Ọmọ tó ń gbé Òkè-Igbó tàbí Oǹdó tàbí Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1930 ti gbọ́ ìtàn ọdẹ lẹ́nu ọdẹ gan-an, ó ti gbọ́ ìjálá lóde ìnáwó, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé àwọn igi kan wà tí a kì í dúró sábẹ́ wọn lọ́sàn-án gangan. Ohun tuntun tí Fágúnwà ṣe ni pé ó mú ayé tí ilé-ìwé kò fẹ́ dárúkọ wọ inú ìwé ilé-ìwé. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ lálẹ́ nílé wá di ohun tó ń kà lọ́sàn-án ní kíláàsì, ní lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi tẹ Bíbélì. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọmọdé gbà á.

Bí ìwé náà ṣe tàn kálẹ̀ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde, àwọn méjèèjì ní 1949. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì jáde ní 1961. Ilé ìtẹ̀wé Nelson tún Ògbójú Ọdẹ tẹ̀ ní 1950. Lẹ́yìn náà ni Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, tí iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Gbogbo wọn ló nílò ohun tí wọ́n máa kà. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún yẹn, lẹ́yìn náà ló di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann, iṣẹ́ ìwé ló sì ń ṣe nígbà tí ó kú sínú odò nítòsí Bídà ní oṣù Kejìlá 1963. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn rí ọ̀nà tó là, wọ́n sì tọ̀ ọ́. J. Ògúnṣínà Ògúndélé kọ Ibú Olókun àti Ejìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run ní 1956, D. J. Fátànmí kọ Kórimálè Nínú Igbó Adimúlà ní 1967. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ìwé tí tíṣà kan kọ fún ìdíje ti di ẹ̀yà ìtàn kan lódindi.

Àwọn òǹkàwé kì í sábà kọ èrò wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lọ́mọdé. Ìgbà tí nǹkan mìíràn bá dé tí wọ́n ní láti fi wéra ni a máa ń mọ ohun tó ti wọ̀ wọ́n lára. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ dé ní 1952, nígbà tí Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù gbé The Palm-Wine Drinkard jáde, ìwé tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kọ. Akéwì ọmọ Wales nì, Dylan Thomas, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer, àwọn òyìnbó sì ń wò ó bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe rí lójú àwọn Yorùbá tó mọ̀wé. Ní 1954, lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn West Africa láti ọwọ́ àwọn òǹkàwé tí inú ń bí. Yàtọ̀ sí pé Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá ń tì wọ́n lójú, wọ́n ní ìtàn náà kì í ṣe tuntun, pé Fágúnwà ti sọ irú rẹ̀ ní Yorùbá. A lè sọ pé wọn kò ṣe dáadáa sí Tutùọlá, òótọ́ sì ni, nítorí pé àlọ́ àti ìtàn ọdẹ kì í ṣe ohun ìní ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà wọn ń sọ láìmọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ jáde, ó ti di òṣùwọ̀n tí àwọn tó dàgbà fi ń wọn ìwé mìíràn. Kò tíì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó kọ ìwé lé Fágúnwà lórí nígbà náà. Ilé-ìwé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé òṣùwọ̀n wọn wá.

Àwọn lámèyítọ́ dé lẹ́yìn wọn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, kọ àròkọ nípa Fágúnwà nínú ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus ní 1965, ohun tó sì yìn jù ni ọlá èdè rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, pẹ̀lú àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà sí i. Nínú àkọsọ rẹ̀, ìró ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ló kà sí ohun tó ṣòro jù láti gbé kọjá sí èdè mìíràn. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé odindi jáde lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní 1974, ó sì tọpa àwọn orísun wọn. Ní 1975, Abiọ́lá Ìrèlé fi Fágúnwà ṣe orísun ìlà kan tó kọjá lára Tutùọlá dé ọ̀dọ̀ Ṣóyínká. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹ̀sùn tí mo kà lókè ti gba orúkọ wọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ìwàásù: òǹkọ̀wé a dá ìtàn dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nípa ìmẹ́lẹ́, nípa ọ̀rẹ́ búburú, nípa ìbọ̀wọ̀ fún òbí. Nínú ìwé àgbà, àbùkù ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tó ń kà á sókè. Àwọn ibi ìwàásù yẹn ni ibi ìsinmi lẹ́yìn ìjà, ibi tí tíṣà ti lè gbójú sókè bi ọmọ pé kí ni ẹ rí kọ́. Àlọ́ Yorùbá pàápàá kì í parí láìsí ẹ̀kọ́. Ìrágbèje ń kọ́ àwọn akọni lẹ́kọ̀ọ́, ó sì dá ìtàn Àjàntálá sí i, ọmọ ìkókó tó na gbogbo ará ilé; ìtàn ọmọ burúkú tí a sọ fún ọmọdé a máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí ó tó gbá wọn létí. Fágúnwà mọ̀ pé bí ọmọ bá ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ẹnì kan lè dáhùn pé bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni a kọ ọ́ fún, kí ló dé tí èdè rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀? Gbólóhùn a gùn, ọ̀rọ̀ a tẹ̀lé ọ̀rọ̀, orúkọ ènìyàn a gba ìlà kan. Ìbéèrè dáadáa ni, ó sì ní ìdáhùn. Èrò pé ọmọdé gbọ́dọ̀ gbọ́ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó tó lè gbádùn ohun tí ó ń gbọ́, kì í ṣe èrò ilé Yorùbá. Ọmọ a ti máa gbọ́ oríkì ara rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè rìn, orí rẹ̀ a sì wú kó tó mọ ohun tí ó ń sọ. A gbọ́ ọfọ̀, a gbọ́ ẹ̀sà, a gbọ́ ìjálá, ìró á wọ etí lónìí, ìtumọ̀ á dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ohun tí Fágúnwà kó jọ nínú gbólóhùn gígùn rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnu fẹ́ràn láti wí: àwítúnwí, àfiwé tó ń ga sí i, orúkọ tó ń jó. Kàkó Oníkùmọ̀-Ẹkùn, Olóhùn-iyọ̀, Aràmàdà-òkùnrin, àwọn mẹ́ta nínú akọni méje náà: ọmọ tó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan yóò tún un pè lójú ọ̀nà ilé. Ọ̀rọ̀ tí ojú rò pé ó pọ̀ jù, etí kò rò bẹ́ẹ̀. Ṣóyínká tó ní ìró ni ìṣòro ìtumọ̀ ti rí ibi tí agbára ìwé náà wà. Bákan náà, nígbà tí Wálé Ògúnyẹmí sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé, Langbodo, tí Nàìjíríà fi kópa ní àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977, ẹnu ló dá a padà sí, ibi tí ìwé náà ti wá.

Ti pé ó ṣàwòkọ ńkọ́? Kò sí àní-àní pé Bunyan wà lára rẹ̀: ìrìn-àjò tó ní ẹ̀kọ́, ẹ̀dá tó ń jẹ́ orúkọ ìwà, ibi gíga tí ọgbọ́n ń gbé. Ó kàwé, ó sì lò ó. Ṣùgbọ́n ìlú ọ̀run ni arìnrìn-àjò Bunyan ń lọ, kò sì padà wá mọ́. Àwọn ọdẹ Fágúnwà ọba ló rán wọn, kí wọ́n lọ mú ohun tí yóò mú ìlú dára wá, àwọn tó là á já sì padà sílé. Igbó wọn kún fún ẹbọra tí Bunyan kò mọ̀, ohun tí wọ́n fi ń jà ni oògùn pẹ̀lú àdúrà. Kódà, lílò tó lo Bunyan ni ẹ̀rí pé ilé-ìwé ló ń kọ̀wé fún: ó mú ìtàn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ ti mọ̀, ó dá a padà sí igbó tí wọ́n mọ̀ jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà kò jìnnà sí èyí. Ẹni tó ní ó ń tàbùkù sí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ rí Olúwa tó wà lókè ohun gbogbo nínú ìwé náà, àti àwọn oníwàásù bíi Bàbá Onírùngbọ̀n Yẹ́úkẹ́ nínú Igbó Olódùmarè. Ẹni tó ní ó ń gbé e lárugẹ rí oògùn tó ń jẹ́. Àwọn méjèèjì rí òótọ́, nítorí pé ayé tí ọmọ ilé-ìwé ìjọ ń gbé nìyẹn: àdúrà ní àárọ̀, ọdẹ tó ní oògùn lára nínú agbo ilé. Fágúnwà kò yan ọ̀kan fún wọn, ó fi àwọn méjèèjì sínú ìtàn kan.

Àtakò tó le jù lójú tèmi ni ti àwọn tó ní ọmọdé kò dá ẹjọ́ kankan. Wọ́n ní ilé-ìwé ló fi ìwé náà sí wọn lọ́wọ́ tipátipá, ìdánwò ló mú kí wọ́n kà á, ohun tí wọ́n sì ń pè ní ìfẹ́ lónìí kò ju ìrántí ìgbà èwe lọ. Ó jọ òótọ́, àfi pé iṣẹ́ Fágúnwà fúnra rẹ̀ ló já a. Lẹ́yìn tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ìwé méjì nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, Ìrìnàjò Apá Kìn-ín-ní ní 1949 àti Apá Kejì ní 1951. Òǹkọ̀wé kan náà ni, èdè kan náà, ilé-ìwé kan náà ló wà fún, Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ́ ibi tí ọmọdé ìgbà náà ń fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó mọ Kàkó ló lè sọ ohun kan láti inú rẹ̀? Àìmọye ìwé ni ilé-ìwé ti fi tipá fún ọmọ, tí ọmọ dé ilé tó gbàgbé. Ilé-ìwé lè mú ọmọ ṣí ìwé, kò lè mú un rántí Àgbákò lẹ́yìn ogójì ọdún. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìwé yìí, ọmọdé ló kọ́kọ́ gbọ́n. Àwọn tó wá kọ ìtàn ayé gidi lẹ́yìn náà, bíi Adébáyọ̀ Fálétí tó kọ Ọmọ Olókùn-Ẹṣin àti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó kọ Àjà Ló Lẹrù, àwọn méjèèjì ní 1969, yà kúrò lójú ọ̀nà Fágúnwà, ó sì dára tí wọ́n yà. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé tí wọ́n bá nílẹ̀, ìwé Fágúnwà ló ti kọ́ wọn bí a ti ń ka ìtàn gígùn ní Yorùbá.

Ẹ̀sùn tó kù ni ti àwọn obìnrin. Kí ìwé tó lọ jìnnà, bàbá Àkàrà-ògùn ti yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, ìyá Àkàrà-ògùn, tó jẹ́ àjẹ́. Nígbà tí wọ́n pe Kàkó sí ìrìn-àjò, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Àdá ni Kàkó fi dá a lóhùn, ó pa á, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nínú àwọn méje tí wọ́n jọ lọ sí Láńgbòdó, kò sí obìnrin kankan. Àwọn kan máa ń gbèjà rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọdẹ ṣe rí, pé obìnrin abàmì kan tó gba Àkàrà-ògùn lọ́wọ́ ewu wà nínú rẹ̀ náà. Ìgbèjà yẹn kò tó. Bí mo bá ti ní ìwàásù kì í ṣe àbùkù nítorí pé ìwé ilé-ìwé ni, mi ò lè wá ní kí a má ka ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń kọ́ni sí i lọ́rùn. Ìwé tó ń dúró sọ fún ọmọ pé kí ó má ṣe ìmẹ́lẹ́ kò dúró sọ fún un pé ohun tí Kàkó ṣe burú. Àwọn ọmọbìnrin jókòó sí kíláàsì náà. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó tì wọ́n gbọ́ pé akọni lè pa obìnrin tó dí i lọ́nà, kí orúkọ rẹ̀ sì máa jẹ́ akọni lọ. Ọmọdé tó ń há orúkọ Kàkó sórí ń há ìwà rẹ̀ sórí pẹ̀lú. Ibi tí agbára Fágúnwà wà ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Ẹ̀bi yìí kò sọ pé kí a mú ìwé náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí a gé ibẹ̀ kúrò nínú ẹ̀dà tuntun. Ó ń sọ bí ó ṣe yẹ kí a kà á. Ìwé tí a kọ fún tíṣà àti kíláàsì kò pé bí kò bá sí tíṣà. Ẹni tó fi í fún ọmọ kó lọ máa dá kà nílé ti gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Kí a kà á sókè, kí a jẹ́ kí ohùn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí gbólóhùn bá gùn, kí a dúró níbi tí Fágúnwà dúró, kí a sì tún dúró níbi tí ó yẹ kó dúró tí kò dúró, ká bi àwọn ọmọ pé ṣé ó yẹ kí Kàkó pa á. Àwọn tó ń yan ìwé fún ilé-ìwé lónìí máa ń bèèrè bóyá èdè rẹ̀ kò le jù, bóyá ẹ̀sìn kò pọ̀ jù níbẹ̀, bóyá ọmọ tó ti ka ìtàn Harry Potter yóò ní sùúrù fún un. Wọn kò ní rí ìdáhùn nínú yàrá ìpàdé. Kíláàsì tí tíṣà tó gbọ́ Yorùbá ti ń ka ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ sókè ni ìdáhùn wà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹjọ́ ìwé náà nígbà àkọ́kọ́, àwọn tó sì dá a nígbà náà kò ṣì í dá.